Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Angoulvant, Onítítì ní Plateau

Sí Gómìnà Gabriel Angoulvant,
Títì tí wọ́n fi orúkọ yín pè, lẹ́bàá Kàtídírà Saint-Paul,
Plateau, Abidjan.

Gómìnà wa àtijọ́,

Ẹ kú àtijọ́. Bí a bá kí èèyàn tán báyìí, ó yẹ ká béèrè pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Mi ò ní bi yín. Àlàáfíà gan-an lẹ ní ẹ fi ìbọn mú wọ Côte d'Ivoire láàárín 1908 sí 1916, odidi ìwé lẹ sì kọ lé e lórí ní 1916, tí ẹ fi ṣàlàyé ọgbọ́n tí ẹ dá sí i. Bí mo bá bi yín, ojú ìwé kìíní lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú bá wa.

Ọ̀rọ̀ títì yín ni mo bá wá. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí àwa Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá Abidjan, tí púpọ̀ nínú wa ti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ wá, kò sí ibi tí òwò kì í gbé wa dé. Mo wá ṣàkíyèsí pé orúkọ yín ń ṣe bí ẹni tó wá síbi ìnáwó tí kò mọ ẹni tó ń náwó: ó dúró sára ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sọ ọdún, kò sọ iṣẹ́, kò sọ ohun tí ẹ fi ojú àwọn onílẹ̀ rí. Ọmọdé tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìsìn lè gbà pé ẹni mímọ́ kan ni yín, pé Póòpù John Paul Kejì ló yà yín sí mímọ́ pọ̀ mọ́ kàtídírà náà ní August 1985, kó sì máa retí ọjọ́ àjọ̀dún yín.

Àwọn àgbàlagbà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ yín náà. Ẹni tó bá wọ tákísí ní Treichville tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, "kàtídírà" ló máa sọ fún dírẹ́fà. Bó bá jẹ́ apá ibòmíràn ní Plateau ló ń lọ, á ní "Pyramide", ilé olórí ṣóńṣó tí Rinaldo Olivieri ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1973. Dírẹ́fà ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, ó ku owó tí wọ́n máa dúnàá-dúrà lé lórí. Gómìnà tó pàṣẹ fún odidi abúlé pé kí wọ́n wó ilé wọn, kí wọ́n lọ para pọ̀ síbi tí ìjọba fẹ́, kò rí dírẹ́fà tákísí pàṣẹ fún kó pe orúkọ òun.

Kí n tilẹ̀ tó gbàgbé, Plateau kì í ṣe ilé yín. Bingerville ni olú-ìlú nígbà tí ẹ ń ṣe ìjọba, láti 1900 títí Abidjan fi gba ipò náà ní 1934. Ààfin gómìnà tó wà níbẹ̀ ti di ilé àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí. Ẹ̀yin fúnra yín kú ní 1932, ẹ ò rí Abidjan bí olú-ìlú rárá. Àwọn míì ló kó orúkọ yín wá síbí, tí wọ́n tò ó mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ yín: Clozel tí ẹ gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, Roume àti Carde tí wọ́n jókòó sí Dakar tí wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé gbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Marchand ológun, Delafosse tó ń kọ èdè àti ìtàn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, Houdaille, ṣọ́jà tó wá wọn ilẹ̀ tí rélùwéè máa gbà. Àdúgbò òyìnbó ni Plateau nígbà náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà ní Adjamé lápá òkè, àti ní Treichville lódì kejì ọ̀sà. Ìpàdé lẹ ń ṣe sára ògiri yẹn, ẹ ò sì pe ọmọ Ébrié kan tó ni ilẹ̀ sí i.

Àmọ́ kì í ṣe ìjókòó yín ló mú mi gbé bírò. Rélùwéè ni.

Abidjan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin ní 1904, nígbà Clozel. Igbó kìjikìji ni irin náà kọ́kọ́ wọ̀, igbó àwọn ẹ̀yà Abbey sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ fi dé ní 1908, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè nínú oko wọn. Clozel máa ń tu èèyàn lójú, ó kéré tán lórí ìwé; lójú yín, ìyẹn ń falẹ̀. Owó orí lẹ fẹ́, kíá. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kó o wá. Ẹrù ìjọba, kí wọ́n rù ú. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà, kí wọ́n ṣe é. Abúlé kéékèèké, kí wọ́n dà á pọ̀ di ńlá, kó lè rọrùn fún akọ̀wé láti ka orí. Ní January 1910 àwọn Abbey fún yín lésì. Wọn ò kọ lẹ́tà bíi tèmi. Ohun tó máa dun ìjọba jù ni wọ́n dojú kọ: wọ́n tú irin rélùwéè ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n gé wáyà, wọ́n kọlu téṣọ̀n, wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin lójú ọ̀nà. Agboville wà láàárín ìjà náà, ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sí Plateau tí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ ká gba òótọ́, àwọn èèyàn yẹn mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò ní àgbá, tí kò ní ẹ̀rọ arọ̀jò-ọta, tó wá mọ̀ pé irin méjì tó tẹ́ sílẹ̀ yẹn ni gbogbo agbára ọ̀tá òun ń gbà wọlé, tó sì lọ fi ọwọ́ tú u: èmi ò rí ibi tí ọ̀gágun Faransé kankan fi gbọ́n jù ú lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kíá lẹ wá kún ọwọ́ àwọn ṣọ́jà yín. Ìjà náà gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rọlẹ̀. Wọ́n sun abúlé, wọ́n ba oko jẹ́, wọ́n bu owó ìtanràn lé àwọn tí ikú ò pa, wọ́n kó àwọn olórí lọ sí ìgbèkùn.

Inú ìjà yẹn ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Rubino kú sí. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ téṣọ̀n kan lójú irin náà, ìlú ṣù jọ yí téṣọ̀n ká, Rubino ló sì ń jẹ́ títí di òní. Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí, Gómìnà. Lórí ilẹ̀ Abbey, níbi tí Abbey kú sí lọ tọ̀sán tòru, òkú tí téṣọ̀n ń pè lórúkọ, àlejò ni. Ní Plateau, ẹni tó rán ṣọ́jà ni títì ń pè lórúkọ. Ọkọ̀ ojú irin ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tó pàṣẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n gbẹ̀san rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbẹ̀san lára wọn wà nínú igbó tó wà láàárín, orúkọ wọn ò sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Mi ò ní purọ́ fún yín, rélùwéè yẹn wúlò fún wa. Ó dé Bouaké ní 1912 nígbà tiyín, ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó wọ Ouagadougou ní 1954. Àwọn Nàgó oníṣòwò gun un lọ sókè pẹ̀lú aṣọ, òwú, abẹ́rẹ́ àti àwo. Àwọn tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi láàárín wọn gbé ìjọ wọn dání. Àwa àlejò jẹ nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ onílẹ̀ là. Mo yára sọ ọ́ kí ẹ má baà fi gún mi lójú.

Mo sì mọ ohun tí agbẹjọ́rò yín máa sọ lẹ́yìn ìyẹn. Á ní kòkó ńkọ́? Ṣebí Angoulvant ló fipá mú wọn gbin kòkó, ṣebí Côte d'Ivoire ló ń ta kòkó jù láyé lónìí? Àgbà agbẹjọ́rò, ẹ rọra. Ẹni tí wọ́n fi pàṣán lé wọ oko kì í ṣe àgbẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ni. Àwọn tó fi kòkó là ni àwọn tó ń gbìn ín fún ara wọn, tí inú ń bí pé ìjọba ń kó òṣìṣẹ́ lọ fún òyìnbó. Ní 1944 wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, Félix Houphouët-Boigny sì ni olórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló tì í dé ilé aṣòfin ní Paris, òfin 11 April 1946 tó fòpin sí iṣẹ́ túláàsì ní àwọn ilẹ̀ Faransé sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú ti jókòó nínú ilé aṣòfin yẹn ṣáájú rẹ̀, láti 1924 dé 1928, gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn ìlú Faransé ní Íńdíà. Íńdíà o! Ẹ lo ọdún mẹ́jọ ní Côte d'Ivoire, ìbò tí ẹ sì rí mú délé, Íńdíà ni. Àwọn Abbey ì bá dìbò fún yín kẹ̀?

Kẹ́ ẹ má baà rò pé mo kórìíra Faransé nìkan, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ilé wa. Ní Èkó, Gómìnà Gilbert Carter ló rán ọmọ ogun lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú ní May 1892. Wọ́n pàdé ní Ìmàgbọ̀n, ẹ̀rọ arọ̀jò-ọta sì ṣe ohun tí ẹ mọ̀ pé ó máa ń ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Carter kan náà rin ìrìn-àjò lọ sínú ilẹ̀ Yorùbá, ó ń bá àwọn ọba tọwọ́ bọ̀wé, àwọn ibùdó ogun Kírìjì tó ti dojú kọra wọn láti ìgbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877 sì tú ká níkẹyìn, lápá Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹni tó dá ogun kan sílẹ̀ ló parí òmíràn. Kí la fi sọ orí rẹ̀? Afárá. Ní 1901 wọ́n ṣí Afárá Carter, wọ́n sì ti tún un kọ́ láti ìgbà náà, orúkọ kò yí padà. Ìjẹ̀bú melòó ló ti gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí ọjà, tí ẹnu ẹ̀ ń pe Carter láìronú kan Ìmàgbọ̀n? Gómìnà, ọ̀rọ̀ yín pọ̀ mọ́ tiwa.

Ti Kápténì Bower tún dùn jù. Òun ni Carter fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn, òun ló sì yìnbọn àgbá sí Ọ̀yọ́ ní 1895. Ní 1936 ilé ìṣọ́ gogoro kan dìde ní ìrántí rẹ̀ lórí Òkè Àrẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn gun un, wọ́n rí i bí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ṣe ń yí po yí po, wọ́n ní Láyípo ló ń jẹ́. Ó parí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lọ síbẹ̀ láti wo òrùlé ìlú, wọ́n á sọ fún ìyá wọn nílé pé àwọn gun Láyípo. Bí mo bá rántí Bower, inú mi á dùn díẹ̀. Nígbà tó bá yá, á tún bà jẹ́. Ẹni tí wọ́n gbàgbé ti bọ́. Kò sí ẹni tó máa dúró nísàlẹ̀ Láyípo láti béèrè pé àgbá ọjọ́ yẹn, ta ló bà?

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Abidjan ti ń yí orúkọ títì padà. Àwọn afárá ló ṣáájú: ní 1957 wọ́n ṣí Afárá Houphouët-Boigny láti Plateau sí Treichville, tí mọ́tò ń gba òkè, tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ìsàlẹ̀. Òun ló gbapò afárá tó ń léfòó lórí omi láti 1931. Afárá de Gaulle tẹ̀lé e ní 1967. Ti Henri Konan Bédié dé ní 2014, ti Alassane Ouattara ní 2023. Ààrẹ ni gbogbo wọn. (Ẹ dákun, ẹ má bèèrè ìdí tí afárá kò fi kan gómìnà, ó jọ pé omi kò gbà yín.) Ní 2024 ọ̀rọ̀ wá kan àwọn títì: ọ̀nà ńlá Giscard d'Estaing tó ń ti apá afárá lọ sí pápákọ̀ òfurufú gba orúkọ Houphouët-Boigny. Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n bó gbogbo yín kúrò lára ògiri. Ní Saint-Louis ní Senegal, òjò tilẹ̀ ṣáájú àwọn èèyàn: ní 2017 òjò àti ìjì wó ère Faidherbe, gómìnà Faransé ibẹ̀ àtijọ́, lulẹ̀. Wọ́n gbé e dìde, ariwo sọ, wọ́n gbé e kúrò pátápátá ní 2020. Afárá Faidherbe ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, wọ́n ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Èmi ò sí lára àwọn tó fẹ́ bó yín. Ẹ má tíì dúpẹ́. Bí wọ́n bá yọ orúkọ yín, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún yín nìyẹn: ẹ ó bá ẹsẹ̀ yín lọ, kò ní sí ẹni tó máa bi yín léèrè mọ́, wọ́n á sì fi orúkọ ẹni rere kan bo ibi tí ẹ dúró sí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n fi yín sílẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n wá kan pátákó kejì mọ́ ìsàlẹ̀ ti yín, kí ẹni tó ń dúró de tákísí lè kà á tán kí tákísí tó dé. Kí wọ́n kan ẹ̀dà rẹ̀ sí téṣọ̀n Agboville àti sí Rubino, kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti pàṣẹ àti ibi tí wọ́n ti jìyà á máa sọ ìtàn kan náà.

Wọ́n á ní mo ń hú òkú ogun jáde. Ogun kò tíì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ní Plateau. Ní òru ọjọ́ kan ní November 2004, hẹlikópítà àwọn ṣọ́jà Faransé yìnbọn láti dá àwọn èrò tó fẹ́ sọdá afárá dúró. Ní April 2011, wọ́n jà yí ààfin ààrẹ ká níbí, ẹni tó ń gbé nítòsí kò jẹ́ yọjú lójú fèrèsé. Àwọn tó jà wà láyé, àwọn tó sọ èèyàn nù wà láyé, ẹni tó bá fẹ́ kọ pátákó fún ìyẹn lónìí, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín kọ́wọ́. Ti 1910 ti tutù díẹ̀; bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ òótọ́ sára ògiri láìfi bú ẹnikẹ́ni, láìsì fi bo ẹnikẹ́ni, ọwọ́ á ti le nígbà tí ti 2011 bá kàn.

Mo ti bá yín kọ ọ́. Ẹ wò ó bóyá ó bá yín lára mu:

"Gabriel Angoulvant, gómìnà Côte d'Ivoire, 1908 sí 1916. Ó gba owó orí, ó gba ìbọn, ó fipá da abúlé pọ̀. Ní January 1910 àwọn Abbey tú rélùwéè tó ti Abidjan lọ. Ó rán ọmọ ogun sí wọn. Àwọn tó kú nínú igbó náà pọ̀. A fi ìlà tó kù sílẹ̀ fún orúkọ wọn."

Ẹ rí i pé mi ò bú yín. Mi ò pè yín ní òǹrorò, mi ò fi èébú kankan sí i. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹ kọ fúnra yín, níbi tí ẹ ti ń fi yangàn. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni tèmi, ó sì lè gùn ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà kí pátákó náà fẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ tó kù ni pé kí àwọn tó mọ̀ ní Agboville àti àwọn abúlé tó yí i ká máa pe orúkọ àwọn bàbá ńlá wọn, kí akọ̀wé jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí akọ̀wé máa ka orí, kì í ṣe nítorí owó orí.

Bí ẹ bá ní àtúnṣe, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má gbà á lórí wáyà rélùwéè, wọ́n lè gé e. Kí ẹ sì bá mi sọ fún Gómìnà Clozel, aládùúgbò yín níbẹ̀ yẹn, pé kó má fi yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbé irin náà wọ inú igbó.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn Nàgó tó ń gba títì yín kọjá.